Kí ló dé tó jẹ́ pé ibi tí fíríìjì ò sí ni ozone ti bàjẹ́ jù?

Àbúrò mi kan wà n'Íbàdàn tó ń tún fíríìjì àti AC ṣe. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé fíríìjì tòkunbọ̀ àtijọ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n kọ R12, orúkọ gáàsì inú ẹ̀, sára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀, ó já páìpù tíńrín tó wà lẹ́yìn ẹ̀, gáàsì inú ẹ̀ bá ń jáde, fììììì, kò ju kéèyàn ka ogún lọ, ó ti tán. Kò rùn, kò láwọ̀, kò ta síni lójú. Mo ní ṣé o mọ̀ pé gáàsì tó ń jẹ ozone, ààbò òkè tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó le, lo tú sáfẹ́fẹ́ yẹn. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, wọ́n ti sọ ọ́ fún wa níbi tréníìnì, ṣùgbọ́n ẹ bá mi tú kinní kan. Àwa tú tiwa n'Íbàdàn, àwọn òyìnbó tú tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York, báwo ló ṣe wá jẹ́ pé Antarctica, ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, níbi tó jẹ́ pé yìnyín ni gbogbo ẹ̀, tí ò sẹ́ni tó ń ta fíríìjì níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ozone ti lu?"

Ìbéèrè gidi ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fi gbogbo ayé wọn ṣe iṣẹ́ yìí náà jiyàn lórí ẹ̀ fún bíi ọdún méjì kí wọ́n tó fẹnu kò. Ohun tó mú un ta kókó ni pé ọ̀rọ̀ kẹ́mísìrì nìkan kọ́, ọ̀rọ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn náà ni, ọwọ́ kan ò sì gbẹ́rù dórí. Tẹ́ ẹ bá mọ ohun tí gáàsì ń fi ozone ṣe, tẹ́ ò mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ìbéèrè àbúrò mi ò ní yanjú láéláé.

Ẹ jẹ́ ká ti orí omi ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bu omi tútù sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ wá rọra da omi gbígbóná lé e lórí láì rò ó pọ̀, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: òkè á jó yín, ìsàlẹ̀ á ṣì tutù. Omi méjèèjì ò ní dédé pò, torí èyí tó gbóná fúyẹ́, òkè ló fẹ́ wà, èyí tó tutù wúwo, ìsàlẹ̀ ló fẹ́ wà, kálukú ti wà níbi tó wù ú. Bí stratosphere, ìpele afẹ́fẹ́ òkè tí ozone wà, ṣe rí nìyẹn. Níbi tá a wà nísàlẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe ń lọ sókè ni òtútù ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ gbóná, òkè tutù, ìyẹn ni afẹ́fẹ́ ṣe máa ń hó bí omi tó wà lórí iná, ibẹ̀ ni ìkùukùu wà, òjò àti àrá náà, gbogbo wọn ibẹ̀ ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé gíga kan, òtútù yẹn á dúró, bẹ́ ẹ sì tún ṣe ń lọ sókè lá máa gbóná padà, títí dé nǹkan bíi 50 kìlómítà níbi tó ti sún mọ́ 0 dígírì. Ọmọ Faransé kan, Léon Teisserenc de Bort, ló kéde èyí lọ́dún 1902. Ó ti ń tú bàlúùnù tó gbé ẹ̀rọ ìwọn-ooru sókè nítòsí Paris fún ọdún bíi mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn lóru, kí oòrùn má baà tan ẹ̀rọ jẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè fojú ara yín rí ààlà yẹn o. Ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí òjò ńlá bá ń ṣú lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ wo orí ìkùukùu ẹ̀ dáadáa. Ó ń wú gòkè bíi ìyẹ̀fun búrẹ́dì, ó dé ibì kan, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé ó forí sọ àjà. Àjà náà ni lóòótọ́. Lókè ọ̀dọ̀ tiwa níbi tí oòrùn ti mú, àjà yẹn ga tó 16 tàbí 17 kìlómítà, ní Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè ẹ̀ kì í sábà ju 10 sí 12 lọ. Ẹni tó bá wọ bàálù láti Ìkẹjà lọ Lọ́ńdọ̀nù, tí bàálù bá ń fò ní gíga kan náà jálẹ̀, lè wà lábẹ́ àjà nígbà tó ṣì wà lókè ilẹ̀ wa, kó sì ti wà nínú stratosphere fúnra ẹ̀ nígbà tó bá fi máa dókè ilẹ̀ Faransé, oúnjẹ ló sì ń jẹ lọ́wọ́, kò mọ nǹkan kan.

Kí ló wá ń mú òkè yẹn gbóná? Ozone ni. Ọ́síjìn tá a ń mí sínú, méjì-méjì ló ń so mọ́ra. Ìtànṣán oòrùn tó le jù, èyí tá ò lè fojú rí tó ń ba awọ ara àti ẹyinjú jẹ́, ló ń já méjì yẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lókè lọ́hùn-ún, ọ̀kan tó dá wà á lọ lẹ̀ mọ́ méjì míì, wọ́n di mẹ́ta, mẹ́ta yẹn là ń pè ní ozone. Ozone náà á tún gba ìtànṣán sára, á já, á tún so, ooru tó ń tibẹ̀ jáde ló ń mú ibẹ̀ gbóná. Sydney Chapman ló ṣírò ẹ̀ lọ́dún 1930. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni bó ṣe kéré tó. Tí wọ́n bá kó gbogbo ozone tó wà lórí yín látòkè délẹ̀ jọ, tí wọ́n wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tá a wà yìí, nínípọn ẹ̀ ò ju bíi mílímítà mẹ́ta lọ, kò ju páálí lásán lọ. Òun ló dúró láàárín àwa àti ìtànṣán yẹn. G.M.B. Dobson, tó wà ní Oxford, ṣe ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1920, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n yẹn dòní, mílímítà mẹ́ta ni 300 Dobson.

Nǹkan kan wá wà níbẹ̀ tí ò yé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀dọ̀ tiwa láàárín ayé níbi tí oòrùn ti le jù ni ozone ti ń jáde jù, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tiwa náà ló ti fẹ́lẹ́ jù, nǹkan bíi 250 sí 280 ló máa ń wà, nígbà tí apá àríwá ayé lọ́hùn-ún lè ní ju 400 lọ nígbà tí òtútù wọn bá ń parí lọ. Ẹ wò ó bíi ọ̀rọ̀ iṣu. Abúlé tí wọ́n ti ń gbin iṣu kọ́ lẹ ti máa rí òkìtì iṣu tó ga jù, ọjà ni, torí ọkọ̀ ti kó o lọ. Kí wá ni ọkọ̀ tó ń kó ozone? Lọ́dún 1949 Alan Brewer dáhùn ẹ̀, omi ló sì gbà dé ibẹ̀. Wọ́n wọn omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ stratosphere lókè England, wọ́n bá a tó gbẹ táútáú, ó gbẹ ju bó ṣe yẹ kó gbẹ níbẹ̀ lọ. Brewer ní afẹ́fẹ́ tó bá gbẹ tó báyìí, ibì kan ṣoṣo ló ti lè gba wọlé, ìyẹn òkè àárín ayé, níbi tí àjà ti ga jù tó sì tutù jù, tó tó 80 dígírì nísàlẹ̀ òdo, tí omi inú ẹ̀ á ti dì, tá á ti já bọ́ kó tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ayé ń gbà wọ stratosphere, òkè àárín ayé níbí ni, apá òkun Pacific ló sì ti ń wọlé jù. Látibẹ̀ ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń yà sí àríwá àti gúúsù, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpẹ̀kun ayé méjèèjì. Ìyípo Brewer-Dobson ni wọ́n ń pè é. Kò yára rárá, ó lè gba ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kí afẹ́fẹ́ tó wọlé láàárín ayé tó dé òkè ìpẹ̀kun.

(Ẹnu ọ̀nà yẹn tó ń fún omi gbẹ kúrò lára gbogbo ohun tó bá fẹ́ wọlé, òkè ayọnáyèéfín abẹ́ òkun kan fò ó. Ní oṣù kìíní 2022 Hunga Tonga bú lábẹ́ òkun Pacific, ó ta omi tó tó nǹkan bíi 150 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sínú stratosphere lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn bíi ìdá mẹ́wàá gbogbo omi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣì ń tọpa omi yẹn lẹ́yìn ìgbà náà. Mi ò rò pé ẹnì kankan ti rí irú ẹ̀ rí látìgbà tí sátẹ́láìtì ti wà.)

Níbi tí mo sọ ọ́ dé, àbúrò mi dá mi dúró. "Ẹ̀gbọ́n, R12 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ o, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, a mọ̀ ọ́n níṣẹ́ wa." Òótọ́ ló sọ, ó wúwo jù ú lọ ní bíi ìlọ́po mẹ́rin. Mo wá bi í pé kí ló máa ń bo bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ó ní eruku. Eruku ńkọ́, ṣé kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ ni, ṣé kò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ni? Síbẹ̀ láti Bodélé nílẹ̀ Chad ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń bọ̀, ó ń kọjá lórí wa, òmíràn nínú ẹ̀ ń sọdá òkun dé Brazil. Tí afẹ́fẹ́ bá ti ń ru nǹkan pọ̀, ìwúwo gáàsì ò lè dá a dúró sílẹ̀. Lọ́dún 1971 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, James Lovelock, wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Shackleton láti England lọ títí dé Antarctica, ó ń wọn afẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe ń lọ, gbogbo ibi tó dé lójú agbami, níbi tí ò sí ilé iṣẹ́ kankan, ló ti bá gáàsì inú fíríìjì àti inú agolo páfúùmù yìí.

Gáàsì ọ̀hún, CFC, tí R12 jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ọdún 1928 ni Thomas Midgley àtàwọn ẹmẹ̀wà ẹ̀ ṣe é ní Amẹ́ríkà, nígbà tó jẹ́ pé gáàsì olóró tó lè pa èèyàn ló wà nínú fíríìjì. CFC ò gbiná, kò ní májèlé, nǹkan kan ò sì lè bà á jẹ́. Ohun tó mú un wúlò yẹn náà ni wàhálà ẹ̀: òjò ò lè fọ̀ ọ́ lọ, oòrùn tó dé ọ̀dọ̀ tiwa ò lè já a, R12 ń lo nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó kàn ń ká kiri títí afẹ́fẹ́ á fi gbé e gba ẹnu ọ̀nà àárín ayé wọlé, tó bá wá ga tó ibi tí ozone ò ti bò ó mọ́lẹ̀ mọ́, ìtànṣán á já a, chlorine inú ẹ̀ á jáde. Mario Molina àti Sherwood Rowland ló ṣírò èyí ní California, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1974. Chlorine kan á já ọ́síjìn kan gbà lọ́wọ́ ozone, á lọ gbé e sílẹ̀ níbòmíì, á tún padà wá, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe títí, chlorine kan ṣoṣo lè ba ozone tó 100,000 jẹ́ kó tó bọ́ sílẹ̀. Àwọn méjì yìí àti Paul Crutzen, tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé gáàsì tí náítírójìn àti ọ́síjìn so pọ̀ di náà ń jẹ ozone, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1995.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà, chlorine ò ráyè ṣiṣẹ́ ibi. Kí ó tó pẹ́, á ti di mọ́ háídírójìn tàbí mọ́ gáàsì náítírójìn, á wà lẹ́wọ̀n, kò ní lè ṣe ozone ní nǹkan kan. Nítorí náà ohun tí wọ́n ń retí ni pé ozone á dín díẹ̀ lókè pátápátá, ní nǹkan bíi 40 kìlómítà, láàárín ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà ò gba ibi tí wọ́n fojú sí. Lóṣù karùn-ún 1985, àwọn ọmọ Bìrìtìkó mẹ́ta, Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin, kéde ohun tí ẹ̀rọ Dobson àtijọ́ wọn rí ní ibùdó Halley ní Antarctica: ozone tó máa ń wà ní nǹkan bíi 300 ní oṣù kẹwàá láyé àwọn ọdún 1950 àti 1960 ti wálẹ̀ kọjá 200. Kì í ṣe pé ó dín díẹ̀. Bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ló lọ, kì í sì í ṣe 40 kìlómítà, àárín 14 sí 20 ló ti lọ, lásìkò kan ṣoṣo nínú ọdún.

Ìgbà yẹn ni iyàn dé. Àwọn kan ní oòrùn ló ń ṣe é. Àwọn kan ní kò sí kẹ́mísìrì kankan níbẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tí ò ní ozone ló ń gbéra sókè ní Antarctica tó ń ti èyí tó ní ozone sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ wọn ò sì burú, torí a ti rí i pé afẹ́fẹ́ ló ń pín ozone káyé. Susan Solomon, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Amẹ́ríkà, ní rárá, chlorine ni, nǹkan kan ló ń tú u sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ó sì kó ikọ̀ kan lọ sí ibùdó McMurdo ní Antarctica lọ́dún 1986, nínú òtútù tó lè mú omi ojú dì. Lọ́dún 1987 wọ́n ń gbé bàálù ER-2 tí èèyàn kan ṣoṣo ń wà láti Punta Arenas ní Chile, ó ń fò ní gíga tó tó 18 kìlómítà wọnú ibẹ̀ lọ. Bó ṣe wọ ààlà kan báyìí, ìwọ̀n chlorine tó ti jẹ ọ́síjìn fò sókè, lójú ẹsẹ̀ kan náà ìwọ̀n ozone já wálẹ̀, ìlà méjèèjì lórí ìwé dà bí òjìji ara wọn tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò. Lẹ́yìn ìyẹn, iyàn tán.

Kí ni ààlà yẹn? Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn àbúrò mi wà. Nígbà òtútù, oòrùn kì í yọ ní ìpẹ̀kun gúúsù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Afẹ́fẹ́ òkè ibẹ̀ á tutù, á máa sọ̀ kalẹ̀, á sì máa yí bíi òkòtó, títí ìjì tó yí i ká á fi di ògiri. Afẹ́fẹ́ òde ò lè wọlé, tinú ò lè jáde, chlorine tó ti Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù àti New York wá ti wà nínú ẹ̀. Nínú àgbàlá tí wọ́n tì pa yẹn, òtútù á kọjá 78 dígírì nísàlẹ̀ òdo, bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tiẹ̀ gbẹ tó, ìkùukùu á yọ níbi tí ìkùukùu kì í sí, omi díẹ̀ àti ásíìdì tó wá látinú gáàsì náítírójìn ló so pọ̀ di í. Ó lẹ́wà, ó máa ń dán aláràbarà bíi inú ìkarahun òkun. Orí ẹ̀ ni chlorine ti ń rí ìdáǹdè. Èyí tó di mọ́ háídírójìn àti èyí tó di mọ́ náítírójìn á pàdé lórí horo yìnyín kékeré, wọ́n á tú ara wọn sílẹ̀, chlorine méjì á so pọ̀ jáde, náítírójìn tó yẹ kó tún un mú á kù sínú yìnyín, á sì bá a já bọ́ sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, wọ́n tún lé wọ́dà lọ. Ṣùgbọ́n òkùnkùn ṣì ni, nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀. Ìparí oṣù kẹjọ wọ oṣù kẹsàn-án, oòrùn yọ lẹ́bàá ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yẹn já chlorine méjì-méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, ozone tó wà láàárín 14 sí 20 kìlómítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Torí náà, gáàsì kárí ayé, òun ni mo ń sọ fún un. Chlorine wà lókè Ìbàdàn náà, ó wà lókè Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí Antarctica ní tí ibòmíì ò ní ni òtútù inú ògiri yẹn. Àríwá ayé náà ní ògiri tiẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ńláńlá àti bí ilẹ̀ àti òkun ṣe lọ́ mọ́ra níbẹ̀ ń ta ìgbì sókè tó ń wó ògiri yẹn ṣáájú kí oòrùn tó dé, nígbà míì láàárín ọjọ́ mélòó kan afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè fi 40 tàbí 50 dígírì gbóná ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Gúúsù, òkun ló yí i ká, kò sí ohun tó ń dà á láàmú. Síbẹ̀ lóṣù kẹsàn-án 2002, ìgbì ṣe tiẹ̀ níbẹ̀ náà, ògiri pín sí méjì, ihò ozone pín sí méjì pẹ̀lú ẹ̀, ó sì kéré gan-an lọ́dún yẹn. Chlorine ò dín kù. Afẹ́fẹ́ ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn téèyàn ò fi gbọ́dọ̀ wo ọdún kan ṣoṣo kó máa pariwo pé ó ti san tàbí pé ó ti burú sí i.

"Ihò" tá à ń pè é yìí, kì í ṣe pé ọ̀run jò. Ibi tí ozone bá ti kéré sí 220 Dobson ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń tó ogún mílíọ̀nù kìlómítà níbùú-lóròó lọ́pọ̀ ọdún, ju Nàìjíríà ogún lọ. Kì í sì í ṣe òun ló ń mú ayé gbóná, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń sọ. Kábọ́ọ̀nù epo àti èédú ló ń ṣe ìyẹn jù, CFC náà sì wà níbẹ̀ nítorí pé ó máa ń dá ooru dúró fúnra ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 1987 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dín CFC kù, gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ló sì ti wọ̀ ọ́ nígbà tó yá. Chlorine tó wà lókè ti ń dín kù. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022 ni pé tí gbogbo nǹkan bá ń lọ báyìí, ọ̀pọ̀ ibi láyé á padà sí bó ṣe wà lọ́dún 1980 ní nǹkan bíi 2040, Antarctica á di nǹkan bíi 2066. Mo ń bí ara mi léèrè bí ì bá ṣe rí ká ní iṣẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ti sú Farman àtàwọn ìyókù, torí bíi ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ ní Halley kó tó sọ ohunkóhun tó yani lẹ́nu.

Àbúrò mi ń wo páìpù tó já. Ó ní R12 tí òun tú jáde ní àárọ̀ yẹn ńkọ́. Mo ní á gbà á ní ọdún mélòó kan kó tó rí ẹnu ọ̀nà wọlé, tí ọgọ́rùn-ún ọdún bá sì pé, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ lọ tá á ṣì wà. Ó ní R22, gáàsì inú AC tó wà lẹ́yìn òun, ńkọ́. Ìyẹn náà ní chlorine, ṣùgbọ́n bíi ọdún méjìlá ló ń lò, púpọ̀ ẹ̀ ń bàjẹ́ nísàlẹ̀ níbí kó tó gòkè. Gáàsì R134a ńkọ́? Kò ní chlorine rárá, ozone bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dá ooru dúró ju kábọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po tó ju ẹgbẹ̀rún kan, ohun tí wọ́n ṣe lọ fọwọ́ sí àdéhùn míì ní Kigali lọ́dún 2016 nìyẹn. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì padà sínú sìlíńdà, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tó wà ní àdúgbò àwọn ní, ńṣe ni wọ́n ń yá a lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀túnla ló tó kan òun. Ó fi táàpù dí ẹnu páìpù AC yẹn, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dè é.